Oko Tí Omi Kò Dé

Ihò ìbọ̀sẹ̀ ni Ọmọ́ṣọlá kọ́kọ́ rí lára Dìran Akínladé, kó tó rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin náà ń wọlé bọ̀ sí yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ omi àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Hotoro, ó gbá téèpù ńláńlá mọ́ àyà bí ẹni gbọ́mọ. Ọmọ́ṣọlá, tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀, ní kó dúró síbẹ̀, kó bọ́ bàtà, nítorí ẹ̀rọ inú yàrá náà kò fẹ́ eruku, Kano sì rèé, eruku là ń mí. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọjú síta bí ẹni fẹ́ kí aráyé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ẹsẹ̀ mi," ló wí. "Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀, ọkọ̀ ojú irin ló jẹ ẹ́."

"Ọkọ̀ ojú irin kì í jẹ ìbọ̀sẹ̀," ni Ọmọ́ṣọlá dá a lóhùn. "Rélùwéè ni bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ kì í gba ihò ìbọ̀sẹ̀ wọlé, kó lọ bi Ọmọ́ṣọlá.

Ọdún 1983 nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun ni, wọ́n sì gba Dìran fún ìgbà díẹ̀ kó wá gbé ètò kan sórí rẹ̀, èyí tí yóò máa ṣírò iye omi tó yẹ kí wọ́n ṣí sí oko kọ̀ọ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ènìyàn ṣe kọ ètò náà sílẹ̀ ló ṣe wà nínú téèpù. Ẹ̀rọ kò sì gbọ́ èdè ènìyàn. Ó ní ògbufọ̀ kan, kọ̀ǹpáílà ni wọ́n ń pè é, tó máa ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Méjì irú rẹ̀ ló wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, ọ̀kan ti àtijọ́, ọ̀kan tuntun. Dìran àti Ọmọ́ṣọlá jọ gbà á rò, wọ́n mú tuntun. Ta ni yóò ní aṣọ tuntun nínú àpótí tí yóò máa wọ àkísà lọ síbi iṣẹ́?

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, Ọmọ́ṣọlá ti dẹ́kun pípe Dìran ní "ẹ", àfi tí ènìyàn bá wà nítòsí. Abẹ́ igi dógóyárò ni wọ́n ti ń jẹ màsà lọ́sàn-án, maigadi á sì máa kí Ọmọ́ṣọlá ní "Amarya", ìyẹn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, á máa rẹ́rìn-ín. Ṣọlá mi ni Dìran ń pè é. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, kò sí ohun tí a fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀.

Àmọ́ Bàbá Adéyanjú ń bẹ nílé. Gáàdì rélùwéè ni bàbá Ọmọ́ṣọlá kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó kọ́lé sí Ṣọ́ọ̀ṣì Róòdù ní Sabon Gari. Gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí, ojú irin kan ṣoṣo ló wà láti ibùdó dé ibùdó, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìgba tókìn, irin àṣẹ tó ń fi hàn pé ọ̀nà ṣófo. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé rẹ̀ náà nìyẹn: kí á béèrè ná, kí á tó gbéra.

Ọ̀nà yẹn gan-an ni Olújìmí gbà. Ọmọ Díákónì Àlàbá ni, ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ó rán alárinà, wọ́n wádìí ìdílé síwá-sẹ́yìn, wọ́n sì fi Sátidé dájọ́ pé àwọn yóò wá tọrọ Ọmọ́ṣọlá. Olújìmí kò ní àbùkù kankan. Ìyẹn gan-an ló ń da Ọmọ́ṣọlá láàmú, nítorí kò rí ohun tó máa fi kọ̀ ọ́.

Bàbá pe Ọmọ́ṣọlá jókòó lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ní, "Bí ẹnìkan bá wà tí o ní lọ́kàn, kó wá sọ ọ́ lójú mi kó tó di Sátidé. Bí kò bá wá, mo máa fún wọn lóhùn."

Nígbà tí Ọmọ́ṣọlá sọ ọ́ fún Dìran, ọkàn Dìran rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní ọ̀gá wọn, Ẹnjiníà Jímọ́ọ̀, ti ṣèlérí láti gba òun síṣẹ́ pátápátá ní Kano bí ètò náà bá yọrí. Bí kò bá yọrí, òun á padà sí Ìbàdàn lọ́wọ́ òfo.

"Bí bàbá yín bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe ńkọ́, Ṣọlá mi? Jẹ́ kí iṣẹ́ yìí yọrí ná. Tó bá ti yọrí, n ó wá."

Iṣẹ́ náà kò sì fẹ́ yọrí. Kọ̀ǹpáílà tuntun gba ètò náà láìkùn, kò bínú sí ìlà kan, àmọ́ nígbà tí ìwé èsì jáde, àwọn oko kan wà tí ẹ̀rọ ní kí wọ́n má fún ní omi rárá. Ẹnjiníà Jímọ́ọ̀ fi í wé èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣírò, ó mi orí. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ohun tí ẹ̀rọ wí, àlùbọ́sà àwọn ẹni ẹlẹ́ni á gbẹ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá pariwo, a mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ti èyí tó dákẹ́ tó ń purọ́ ló le.

Ìdààmú ọ̀sẹ̀ yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ọmọ́ṣọlá máa ń gbọ́ tí Beatrice ìyá rẹ̀ ń fọ àwo àlejò, ìró àwo yẹn á sì máa já a láyà.

Ní Tọ́sìdeè ó gbaná jẹ. "Béèrè, béèrè, béèrè," ló wí fún Dìran. "Haba! O fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀ tán kí o tó gbẹ́sẹ̀. Ìwọ ṣáà dúró síbẹ̀, Olújìmí ń bọ̀."

Ọmọ́ṣọlá fi ìbínú fa pẹ́ńsù, ó mú ọ̀kan nínú àwọn oko tí kò rí omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò rẹ̀ bí ẹ̀rọ yóò ṣe ṣírò rẹ̀, láti ìlà dé ìlà. Oko náà kò ní ẹ̀ka odò kankan, ojú odò ńlá gan-an ló ti ń fa omi. Ètò náà sì wí pé kí á ṣírò omi fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ọmọ́ṣọlá dáwọ́ dúró.

"Dìran, wá wò ó. Tuntun yìí máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ẹ̀ka mélòó ló wà. Tí kò bá sí, á fo oko yẹn kọjá. Ti àtijọ́ kì í béèrè. Á kọ́kọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ná, oko á rí omi, lẹ́yìn náà ló máa tó béèrè bóyá ẹ̀ka kù."

Dìran wò ó, ó tún un wò. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ètò náà, kọ̀ǹpáílà àtijọ́ ló fi kọ́ iṣẹ́, ìwà rẹ̀ ló sì gbẹ́kẹ̀ lé. Òótọ́ ni. Ó wá wo Ọmọ́ṣọlá bíi pé kì í ṣe ti oko nìkan ló ń rò.

Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún ti àtijọ́, ó kọ̀. Àwọn apá tí Dìran fúnra rẹ̀ kọ kún un, lọ́nà ìgbàlódé, kò yé e. Wọ́n bá pín in: apá àtijọ́ fún ògbufọ̀ àtijọ́, apá tuntun fún tuntun, kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Fúráìdeè. Kí ọ̀sán tó pọ́n, NÉPÀ mú iná lọ. Dísù kò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Gbogbo rẹ̀ dàtúnbẹ̀rẹ̀ di àárọ̀ Sátidé, Ọmọ́ṣọlá kò sì lè kúrò nílé lọ́jọ́ náà.

Oòrùn kò tíì mú tí Díákónì Àlàbá àti Susanna ìyàwó rẹ̀ fi dé, àwọn àti alárinà, pẹ̀lú Olújìmí nínú kaftani funfun. Inú yàrá ni Ọmọ́ṣọlá wà, Beatrice ń bá a wé gèlè.

"Ta lò ń retí?" ni ìyá rẹ̀ bi í. Omijé ló fi dáhùn. Beatrice kò tún béèrè mọ́.

Alárinà ti wúkọ́, ó ti ń sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà bàbá, nígbà tí ẹnìkan ní, "Ẹ kú ilé o." Dìran ni. Ṣẹ́ẹ̀tì àná ló wọ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ pé kó bọ́ ọ, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì rèé bí a ti mọ̀ ọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àlejò.

"Ta ni ọ́?" ni Bàbá Adéyanjú wí. "Ta ló rán ọ wá?"

"Ẹnikẹ́ni kò rán mi, sà. Dìran Akínladé lorúkọ mi. Mo fẹ́ fẹ́ Ọmọ́ṣọlá."

"Àwọn òbí rẹ ńkọ́?"

"Mi ò tíì sọ fún wọn, sà."

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lórí ẹ̀rọ báyìí, sà, mi ò mọ̀ bóyá yóò yọrí. Bí kò bá yọrí, mi ò níṣẹ́ ní Kano. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá ná. Kí ẹ wá máa bi mí ní ìyókù."

Ọmọ́ṣọlá gbọ́ ọ láti inú yàrá. Kò dúró kí wọ́n pè é. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dìran.

Bàbá kò wo ọmọ rẹ̀. "Nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́," ló wí, "awakọ̀ tó bá wọ ojú irin láìgba tókìn, lílé la máa ń lé e." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ́ṣọlá. Ṣé ìwọ lo fún un ní tókìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Ọmọ́ṣọlá wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fún un."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí àwọn àlejò, ó bẹ̀ wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti wà lójú irin. Susanna fajú ro, ó sì ní ìdí. Olújìmí ló kọ́kọ́ dìde, ó na ọwọ́ sí Dìran, ó fà á dìde nílẹ̀, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ.

"Jókòó ná," ni Bàbá sọ fún Dìran. "Má rò pé o ti bọ́ o. A máa wádìí ilé yín dé gbòǹgbò."

Nígbà tó di Mọ́ńdè, àwọn méjèèjì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà náà. Ìbọ̀sẹ̀ tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ Dìran, Beatrice ló rà á fún un. Ìwé èsì ti wà nílẹ̀, àmọ́ Dìran kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ wò ó. Ọmọ́ṣọlá ló mú un, ó fi ìka wá oko tí kò ní ẹ̀ka títí ó fi rí i.

"Omi dé ibẹ̀," ló wí.

Dìran fẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọ́ṣọlá fi orí lé e léjìká díẹ̀, kí wọ́n tó lọ pe ọ̀gá.

"Bàbá ti rán Àǹtí Matilda lọ sí Ìbàdàn," ni Ọmọ́ṣọlá wí. "Ó lọ béèrè nípa ilé yín."

"Jẹ́ kí wọ́n máa béèrè," ni Dìran wí. "Mo ti dé ná."