Ọ́ìlì Tí Kò Tíì Sinmi

Ọ́ìlì inú dúrọ́ọ̀mù náà rí bí omi ògì. Khàdíjàt tẹjú mọ́ ọn, ó ń wo ìfóòfó wẹ́wẹ́ bó ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀, àfi bíi pé ó ń lálàá.

"Fi sílẹ̀ kó sinmi," ni Sànúsí, bàbá rẹ̀, wí. Jáàkì tó ń gbé ẹ̀yìn típà sókè ló máa ń tún ṣe ní Zuba, létí Àbújá. "Afẹ́fẹ́ á gòkè, á jáde. Omi àti iyanrìn wúwo jù ú lọ, wọ́n á wálẹ̀. Tó bá dọ̀la, ṣí táàpù ìsàlẹ̀, kí o da ìdọ̀tí nù. Tó bá mọ́ gaara, sẹ́ ẹ sínú táńkì ọ́ìlì típà oníbàárà wa, Àlhájà Wàsílátù."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá lọ ra róbà jáàkì. Ọ́ìlì kò tíì mọ́ nígbà tí Kíkẹ́olúwa, ọ̀rẹ́ Khàdíjàt, dé, tó ń ta sánsán.

"O ń ṣọ́ ọ́ìlì bí ọmọ tuntun? Wọ́n á gé kéèkì ọjọ́ ìbí tán ní Life Camp o."

"Bàbá mi ní kó mọ́ ná."

"Ta ló máa mọ̀?"

Khàdíjàt da ọ́ìlì sínú típà bẹ́ẹ̀, ó bá a lọ. Níbi ọjọ́ ìbí náà, mínírà ń hó nínú ife rẹ̀. Ó ń wo ìfóòfó, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó padà nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn típà ń gbọ̀n, ó ń gòkè, ó tún ń rọra wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni bàbá rẹ̀ ti lò lórí jáàkì yẹn. Bàbá dúró níwájú Àlhájà, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Àlhájà, ẹ má bínú. Bóyá ọwọ́ mi ni kò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹlòmíràn."

Tí Khàdíjàt bá dákẹ́, bàbá rẹ̀ á gbà pé òun ò mọṣẹ́ mọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, kì í ṣe ọwọ́ yín. Mi ò jẹ́ kí ọ́ìlì sinmi. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ló ń fún pọ̀ bíi fóòmù, ọ́ìlì ò lè ti jáàkì sókè."

"Kai," ni Àlhájà wí. "Ọ̀la ló yẹ kí n kó yanrìn. Wọ́n á gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn nìyẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá Khàdíjàt, ẹ tún un ṣe. Ọ̀dọ̀ yín náà ni kó wà."

Khàdíjàt ló tú ọ́ìlì náà padà sínú dúrọ́ọ̀mù, tó fọ táńkì, tó sì jókòó ti ọ́ìlì fún ọjọ́ méjì títí ó fi mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó sẹ́ ẹ padà sínú típà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹyẹ tó na ìyẹ́. Sànúsí kò bú u. Ó kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí òun náà wá fa lífà tó ń gbé ẹ̀yìn típà sókè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹlòmíràn ló sábà máa ń jìyà iṣẹ́ tí a fi ìkánjú ṣe. Ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹ̀bi yín má bàa di ti aláìṣẹ̀.