Kókó Okùn Tí Akóredé Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Tú

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bí o bá wà nínú ọkọ̀, kà á tán kí o tó sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, n kò sì ní fi oyin sí i.

Akóredé ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ọmọ bíbí Ẹdẹ, awakọ̀ agbégẹdú. Inú igbó lápá Ifẹ̀ ni ó ti ń kó gẹdú, ó ń gba Sekona, ó sì ń já a sí ilé ìlagi ní Ẹdẹ. Ó mọ ọkọ̀ wà, a kò ní fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìjà ju bí ó ti yá sí jíà lọ. Ó ti fi irin táyà fọ́ orí awakọ̀ bíi tirẹ̀ rí nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí lásán. Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ti sá lọ sílé bàbá rẹ̀ ní ìlú Ara lẹ́yìn tí ó lù ú títí eyín rẹ̀ kan fi yọ.

Gbogbo awakọ̀ agbégẹdú ló mọ ohun kan. Bí ọkọ̀ bá ti ń kó sí kòtò, tí ó ń jáde, gẹdú á máa jókòó sínú ara wọn, èèpo ara wọn á máa bó, ṣéènì tí ó fún pinpin láti inú igbó á sì dẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń dúró ní Sekona láti tún ẹrù wọn dè. Wọ́n á tú okùn ńlá tí wọ́n fi so ẹnu àwọn ṣéènì pọ̀, wọ́n á fún wọn le, wọ́n á tún un so.

Akóredé nìkan ni kì í dúró. Oníṣègùn kan ti fún un ní ońdè tí a fi aṣọ pupa wé, ó ní kí ó máa so ó mọ́ kókó okùn náà. Èèwọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ kankan kò gbọdọ̀ kan kókó náà títí ẹrù yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Ọdún mẹ́rin ni ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí jàǹbá. Ó wá rò pé ońdè ló ń ṣiṣẹ́, kò mọ̀ pé àánú Ọlọ́run ló ń fi sùúrù dúró dè é.

Ẹni tí ó máa ń di ẹrù fún un ni Adérẹ̀mí, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ruth. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, kì í sì í pariwo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan, bí wọ́n ti dé Sekona, Bàbá Ruth yọjú wo ẹ̀yìn láti ojú fèrèsé.

“Akóredé, dúró. Ṣéènì ti dẹ̀. Gẹdú òkè yẹn ti ń mì.”

“Bàbá Ruth, ẹ mọ èèwọ̀ mi.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ońdè ò lè di gẹdú mú. Jésù ni kó o fi ẹ̀mí rẹ lé lọ́wọ́, kó o sì jẹ́ ká fún ṣéènì yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.”

Bí èrò ọ̀nà ti dá ọkọ̀ dúró díẹ̀, àgbàlagbà náà ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí kókó náà. Akóredé fò bọ́ sílẹ̀, ó sì gbá a létí, gbàà! Fìlà Bàbá Ruth fò lọ sínú ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní ètè rẹ̀. Àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà figbe ta pé ṣé ó ya wèrè ni, ẹni tó tó bí i lọ́mọ! Bàbá Ruth kò dá a padà. Ó ṣa fìlà rẹ̀, ó sì padà wọ inú ọkọ̀. Ó dùn mí pé ó wọ̀ ọ́.

Wọn kò tíì dé Alajue tí alùpùpù kan fi já sójú títì lójijì. Akóredé tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́, gẹdú kò gbọ́. Ẹrù tí ó ti dẹ̀ láti Sekona kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti fẹ́ dúró. Ó ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ. Gẹdú kan ya ẹ̀yìn ibi ìjókòó awakọ̀ wọlé, ó lọ ẹsẹ̀ ọ̀tún Akóredé mọ́ ara irin, egungun sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ já sí kòtò. Gẹdú mìíràn rọ̀ dirodiro lókè orí rẹ̀, ó ń yọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Apá Bàbá Ruth kan ti kán, síbẹ̀ ó ti fa ara rẹ̀ jáde. Ó lè jókòó sínú koríko kí ó máa retí àwọn èèyàn, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó rá pálá padà sábẹ́ igi.

“Ṣéènì ti já, okùn yẹn ò di nǹkan kan mú mọ́; òun ni mo fẹ́ fi de gẹdú tó wà lórí rẹ. Jẹ́ kí n tú kókó náà.”

Ìwọ ò ní gbà mí gbọ́. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti rún wómúwómú, Akóredé ké pé: “Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ fẹ́ pa mí ni?”

Wọ́n ń jiyàn báyìí, igi ń yọ̀. Nígbà tí èèpo rẹ̀ kan iwájú orí Akóredé ni ó tó ké pé: “Ẹ tú u! Bàbá Ruth, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u!”

Bàbá Ruth fi eyín àti ọwọ́ kan tú u. Ońdè bọ́ sínú epo ọkọ̀. Àgbàlagbà náà fi okùn de gẹdú náà mọ́ irin.

“Mo gbá yín létí,” ni Akóredé wí, ó ń sunkún. “Kí lẹ padà wá ṣe?”

“Tí mo bá kú lónìí, mo mọ ibi tí mò ń lọ. Ìwọ ò mọ̀.”

Bí Bàbá Ruth ti fẹ́ jáde, gẹdú tó wà lókè pátápátá yí. Ó bọ́ lé e láyà. Akóredé gbọ́ bí egungun àyà ọkùnrin náà ti ń ṣẹ́, kò sì lè na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi jiyàn ni ìbá gba Bàbá Ruth là.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ Akóredé nílé ìwòsàn. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ ohun kan náà: “Àmúwá Ọlọ́run ni. Máa dúpẹ́.” Òun náà ń dáhùn pé, “Àmúwá Ọlọ́run ni.” Ọ̀rọ̀ náà tù ú lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kò lè jẹun mọ́. Ó mọ̀ pé òun ń fi orúkọ Ọlọ́run bo ìpànìyàn mọ́lẹ̀. Ó kígbe lórí ibùsùn pé, “Jésù, èmi ni mo pa á! Ṣàánú mi!” Bí ó ti sọ ọ́, ó mọ̀ pé a gbọ́ òun, ó sì mọ ibi tí òun gbọ́dọ̀ lọ.

Ó há igi ìkẹ́sẹ̀ sábíyá, ó sì fi rìn dé ilé olóògbé. Ọláwùnmí, opó náà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú Ruth ọmọ rẹ̀.

“Ìyá Ruth, kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Bàbá Ruth ní ká fún ṣéènì, mo gbá wọn létí. Mo jiyàn títí igi fi pa wọ́n. Èmi ni.”

Ruth já igi ìkẹ́sẹ̀ gbà, ó fi lù ú títí ó fi ṣubú. Akóredé kò gbé ọwọ́ sókè. Ìyá Ruth ló wá gba igi náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

“Mi ò tíì lè dárí jì ẹ́,” ni opó náà wí. “Ṣùgbọ́n Ẹni tí ọkọ mi sìn ti dárí jì ẹ́, mi ò ní bá a du iṣẹ́ rẹ̀. Dìde.”

Ó dìde. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sọ ohun kan náà fún àwọn ọlọ́pàá, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ láìwá àbùjá. Ẹ̀rù ikú kò bà á mọ́.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ẹ̀jẹ̀ ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ, tí o ń pè é ní àmúwá Ọlọ́run? Ìyàwó tí o lù jáde, òbí tí o pa tì, ẹni tí ó kìlọ̀ fún ọ tí o fi èébú san oore rẹ̀: ṣé Ọlọ́run ló ṣe é? Má ṣe dúró di ìgbà tí igi yóò kan iwájú orí rẹ. Jésù ti kú nítorí rẹ, Ó sì ń gbọ́ báyìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ rẹ̀, kí o sì wí lónìí yìí pé: “Olúwa, èmi ni.”