Ta Ló Yin Ìbọn Bàbá Àgbà?

"Kì í ṣe bàbá àgbà rẹ ló ń yin ìbọn yìí," ni alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ṣe wí.

Ọmọbìnrin náà yínmú. Láti ìgbà tí òun àti bàbá rẹ̀ ti wọ ṣọ́ọ̀bù náà ló ti ń fa aṣọ iléèwé rẹ̀ mọ́ra kí òróró má baà kàn án, àfi bíi pé òróró ló ń wá a kiri. Tíṣà ìtàn ló ní kí wọ́n ṣèwádìí ohun àjogúnbá kan, òun sì mú ìbọn bàbá àgbà. Ẹni tó bá gbégbá orókè ni yóò ka tirẹ̀ níwájú gbogbo iléèwé. Òun sì ti fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì pé bàbá àgbà òun ló yìnbọn pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó fẹ́ẹ̀ run gbogbo oko ìlú. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí ẹbí ń pè ní Agbẹnusọ, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ṣé ẹ mọ bàbá àgbà ni?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, àmọ́ mo mọ igi. Wo apá ọ̀tún ìdí ìbọn, bó ṣe jẹ wọnú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún. Ẹni tó ń fi èjìká òsì yìnbọn nìkan ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dé ibẹ̀. Ṣé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò?"

"Rárá, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo ọwọ́ òsì nílé wọn: ìyá àgbà, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tí wọn kì í bi ní nǹkan kan ju pé ṣé wọ́n ti jẹun. Ọmọbìnrin náà bá wọn níbi tí wọ́n ti ń rán bọ́tìnnì.

"Ìyá àgbà, àbí ẹ̀yin lẹ pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó yẹn?"

Ìyá àgbà gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. "Ogójì ọdún rèé, ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí. Ojú bàbá àgbà rẹ ò ríran jìnnà. Èmi ń yìnbọn, àwọn ń gbé ẹran wọ̀lú. Jókòó, kí n sọ bó ṣe rí."

"Ẹ jẹ́ n dé ná, mà."

Ọ̀dọ̀ Agbẹnusọ ló gbà lọ. Ìyẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "O fẹ́ fi bàbá wa ṣe yẹ̀yẹ́? Kọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, jàre!" Agbẹnusọ tí kò pa eku rí, tí àyà rẹ̀ ń já bí ilẹ̀kùn bá gbá! Òun ni ọmọ wa gbọ́ tirẹ̀. Ta ni yóò pàtẹ́wọ́ fún arúgbó tó ń rán bọ́tìnnì?

Ó kọ ọ́ bí Agbẹnusọ ṣe wí, ó gba ipò kìíní àti ẹ̀bùn, ó sì kà á níwájú gbogbo iléèwé. Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Ìyá àgbà jókòó síwájú. Àwọn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n káwọ́ sórí itan.

Lẹ́yìn náà ni tíṣà wí pé: "A fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn iléèwé, àmọ́ kò kún tó. Ibo ni bàbá àgbà rẹ dúró sí? Báwo ni ẹranko náà ṣe yọ sí wọn? Mú un wá ní Mọ́ńdè."

Ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú bírò àti ìwé. "Ìyá àgbà, ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí. Ibo lẹ dúró sí?"

Ìyá àgbà wò ó látòkè délẹ̀. "Èmi kẹ̀? Lọ bi ẹni tó pa á."

Ó bẹ̀bẹ̀, ó sunkún, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Ní Mọ́ńdè, kò rí nǹkan kan sọ fún tíṣà ju òtítọ́ lọ, wọ́n sì gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kú lọ́dún kejì, ìtàn náà sì bá wọn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ṣèwádìí, tó rí òtítọ́, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nítorí àtẹ́wọ́, olè ni. Ẹni tí olè náà sì jà lólè kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ìtàn kankan mọ́.