Dúrọ́ọ̀ Inú Bọ́ọ̀sì Sọ̀fíyàt

Ẹ̀rín Muhydeen ni Sọ̀fíyàt kọ́kọ́ mọ̀, ẹ̀rín náà sì bí i nínú.

Ìsọ̀ pákó kan ní Agége ló ti ṣẹlẹ̀. Sọ̀fíyàt fẹ́ kí wọ́n la pákó pẹlẹbẹ fún òun, ó sì ń wá réèlì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí dúrọ́ọ̀ máa ń yọ́ lórí ẹ̀ jáde. Muhydeen tó ni ìsọ̀ wo bàtà gogoro ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wo hìjáábù ẹ̀ tó ń dán.

"Sister, káfíńtà yín dà? Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

"Èmi ni káfíńtà."

Ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Sọ̀fíyàt kó pákó ẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ṣùgbọ́n kó tó jókòó dáadáa, Muhydeen ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú. Ẹnu mi ló yá ju ọpọlọ mi lọ. Kí lẹ fẹ́ kàn gan-an?"

Sọ̀fíyàt sọ fún un pé aránṣọ lòun. Onílé ti gba ṣọ́ọ̀bù òun ní Opebi fún ọmọ ẹ̀ tó ti òkè òkun dé, lòun bá ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan. Inú ẹ̀ lòun á ti máa ránṣọ, láti Omole dé Onígbòǹgbò. Òun fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí dúrọ́ọ̀ òwú, ti síìpù àti ti bọ́tìnì máa yọ́ jáde nínú ẹ̀. Òun fúnra òun lòun sì máa kàn án, torí òun lòun mọ ibi tí ọwọ́ òun máa ń nà sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Muhydeen yọjú sí Onígbòǹgbò, níbi tí bọ́ọ̀sì wà lẹ́nu géètì bàbá Sọ̀fíyàt. Ó ní réèlì tó gbàgbé lòun gbé wá. Sọ̀fíyàt ò gbàgbé réèlì kankan, síbẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Muhydeen tún ń gbé òmíràn wá.

Dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́ kọ̀, kò wọlé. Sọ̀fíyàt ti gé e ṣe déédéé ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù, bí ẹni ń rán búláòsì ìyàwó. Kò ṣẹ́ àyè kù fún réèlì lọ́tùn-ún lósì.

"O rán an mọ́ ọn lára jù," Muhydeen wí. "Fún un láyè kó mí." Ló bá gba ayùn lọ́wọ́ ẹ̀.

"Dá a padà! Tó o bá fẹ́ràn mi, bá mi di pákó mú. Má gba ayùn lọ́wọ́ mi."

Muhydeen dá ayùn padà.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ràn ẹ?"

"Réèlì tó ò ń gbé wá ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni."

"Ó dáa, kò purọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Sọ̀fì mi."

Inú Sọ̀fíyàt dùn débi pé ó gé pákó yẹn wọ́.

Ó tún gé òmíràn, ó fàyè sílẹ̀ fún réèlì. Ó kan ìkọ́ kékeré mọ́ iwájú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kàn tán, kó má baà yọ́ jáde bí mọ́tò bá ń sáré.

Àlàájì Wahab, bàbá ẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta táyà n'Íkẹjà, ò rí àléébù kankan lára Muhydeen nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra. Bọ́ọ̀sì yẹn ni kò fẹ́ rí. Ó pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀.

"Muhydeen, bá mi sọ fún un. Ọmọ mi ò ní máa ránṣọ kiri nínú mọ́tò bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Tó bá tà á, ẹ fẹ́ra yín. Tí kò bá tà á, mi ò lọ́mọ tí màá fún ẹ."

Sọ̀fíyàt fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí, ó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀sì ẹ̀. Kò rò ó rí pé òun á ní láti yan ọ̀kan.

Muhydeen dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ẹ̀ ni. Mi ò lè ní kó tà á. Mi ò sì lè fi Sọ̀fíyàt sílẹ̀."

"Pálọ̀ mi lo ti ń bá mi jiyàn?"

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Bàbá Nùréènì, ẹ̀gbọ́n bàbá Muhydeen, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bẹ̀bẹ̀. Àlàájì ṣì fárígá.

"Tí mọ́tò yẹn bá já sí kòtò kan péré, gbogbo ẹ̀ á tú ká!"

"Àlàájì, ìròyìn ò tó àfojúbà," Bàbá Nùréènì wí. "Ẹ jẹ́ ká wọ̀ ọ́ wò."

"Ẹ wọ̀ ọ́, Dádì," Sọ̀fíyàt wí. "Tó bá tú ká, màá tà á."

Sọ̀fíyàt ló wà á. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù, Muhydeen dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó já sí kòtò, kò sóhun tó mira. Ó tún já sí òmíràn, kọ́bọ́ọ̀dù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tó wá tẹ bíréèkì lójijì, dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ fò yọ, bọ́tìnì sì ya bo Àlàájì láti àyà dé ẹsẹ̀.

Sọ̀fíyàt pa mọ́tò. Omijé ti dé ojú ẹ̀.

Muhydeen dọ̀bálẹ̀ sáàárín bọ́tìnì. "Bàbá, ẹ̀bi mi ni. Ó lọ kírun lánàá, mo ní kí n bá a kan èyí kó tó dé. Mo gbàgbé ìkọ́ ẹ̀."

"Ìwọ Muhydeen!" Sọ̀fíyàt pariwo.

Àlàájì ti àwọn dúrọ́ọ̀ tó kù wò. Ó fọwọ́ fà wọ́n, wọn ò yẹ̀.

"Àwọn tí kò yẹ̀ yìí ńkọ́, ta ló kàn wọ́n?"

"Òun ni, sà. Òun nìkan."

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. "Ẹni tó ń ta pákó! Tìẹ nìkan ló tú! Sọ̀fíyàt, nu ojú ẹ. Mi ò ní jẹ́ kó o ta mọ́tò nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ẹ."

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ìjókòó, ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnì. Bàbá Nùréènì náà kúnlẹ̀ tì í. Nígbà tí wọ́n máa ṣa á tán, wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì.