Ẹ̀yìn Bachirou

"Adjara, sún mọ́ mi! Afẹ́fẹ́ ń bọ̀!"

Bí ẹ̀gbọ́n mi Bachirou ṣe máa ń pariwo nìyẹn ní gbogbo Sátidé tí a bá ń fi kẹ̀kẹ́ gbé iṣu bọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti oko wa ní Boni. Òun á wà níwájú lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, èmi á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn lórí tèmi, àyà rẹ̀ ni ọyẹ́ á máa lù. Láti kékeré la ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ìdíje kẹ̀kẹ́ ni. Àwa ọmọbìnrin la kọ́kọ́ gbéra, àwọn ọmọkùnrin tẹ̀ lé wa lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mùsíọ̀ Florent, olùkọ́ eré ìdárayá wa, ti kìlọ̀ títí: "Bí àwọn ọkùnrin bá bá yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Obìnrin kankan kò gbọdọ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn wọn fún afẹ́fẹ́." Ọmọbìnrin tó bá ṣe ipò kìíní nìkan ni yóò lọ díje ní Parakou. Háà, mo fẹ́ Parakou yẹn bí ẹni máa kú!

Èmi ni mo wà níwájú, ṣùgbọ́n Faïzatou, ọmọ agbègbè Okpara, ti ń sún mọ́ mi. Ọyẹ́ kọjú sí wa, eruku kún ẹnu mi, mi ò sì rí Faïzatou lẹ́yìn mi mọ́. Ibẹ̀ ni Bachirou ti yọ, òun nìkan, ó ti fi àwọn ọmọkùnrin yòókù sẹ́yìn.

"Adjara, sún mọ́ mi!"

Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi sẹ́yìn rẹ̀ kí n tó ronú. Nígbà tó yá, mo rántí ìkìlọ̀ Mùsíọ̀. Ṣé kí n purọ́? Mo rántí, mi ò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé, Bachirou sáré fi mí sílẹ̀ kí wọ́n má baà rí wa pọ̀.

Wọ́n hó fún mi. Ìyá wa tú gèlè rẹ̀, ó ń fi nu ojú mi. Nígbà tí Faïzatou dé, ó di ọwọ́ mi mú.

"O kú oríire o! Afẹ́fẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Báwo lo ṣe là á kọjá? Jọ̀ọ́, kọ́ mi."

Kí ni n óò kọ́ ọ? Kó lọ yá ẹ̀gbọ́n ọkùnrin? Ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Mo lọ bá Mùsíọ̀ Florent.

"Mùsíọ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn Bachirou ni mo wà."

"Ta ló bi ọ́?" Bachirou jágbe mọ́ mi.

"Faïzatou ni," mo dá a lóhùn.

Mùsíọ̀ pa orúkọ àwa méjèèjì rẹ́. Ó ní, "Ẹ̀bi tiwa náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ọkùnrin ni yóò kọ́kọ́ gbéra." Faïzatou ló lọ sí Parakou. Mo sunkún, Bachirou sì di kùnrùngbùn sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá wa gbé iyán síwájú mi, ó ní, "Òótọ́ korò, àbí? Ewúro náà korò, a sì ń jẹ ẹ́." Mo jẹ iyán náà tán.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, iṣu kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wa. Ọyẹ́ dé.

"Adjara, sún mọ́ mi!"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bọ́ sẹ́yìn, èmi ni mo máa gbà á lónìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sẹ́yìn. Ọyẹ́ lù mí láyà, inú mi sì ń dùn. Ẹni tó bá fi èrú borí kò ní ohun tó lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Faïzatou bá tún bi mí, màá ní èsì fún un.