Àwọn Ilẹ̀kùn Tó Ń Kíni

Ilẹ̀kùn ilé Bàbá Ṣówándé ló kọ́kọ́ da Ìyá Wúrà láàmú. Ó kí i, ilẹ̀kùn kí i padà. Ó béèrè àwọn ará ilé, ilẹ̀kùn ní àlàáfíà ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní òun fẹ́ kọ́ yàrá kan mọ́ ilé òun, tó sì béèrè bóyá wọ́n fara mọ́ ọn, ilẹ̀kùn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ilé o." Ó tún béèrè. Ilẹ̀kùn tún kí i kú iṣẹ́ ilé.

Nínú ihò àpáta kan lójú òṣùpá ni ìlú wọn wà. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo ilé jọ ń mí. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fẹ ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn alámùúlégbè, kí wọ́n sì gbà, kó tó tọrọ ìwé àṣẹ. Ọ̀mọ̀wé Akínsànyà ló ṣe ilẹ̀kùn adáhùn. Iṣẹ́ máa ń gbé àwọn onílé jìnnà, ọmọ Yorùbá wo ni inú rẹ̀ sì máa dùn pé òun kíni, wọn ò jẹ́ òun? Ọ̀mọ̀wé bá gba ohùn onílé sínú ilẹ̀kùn. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ fún un, àfi bí ẹni pé ó bá wọn tún ayé ṣe.

Yàrá yìí sì ni gbogbo ìrètí Ìyá Wúrà. Wúràọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣì wà ní ilé ayé, ọkọ̀ òfuurufú kò sì ní gbé e bí kò bá sí yàrá tí ìlú fọwọ́ sí. Láti ìgbà tí ọkọ Ìyá Wúrà ti kú ni àárò ọmọ náà ti ń pa á.

Ó dé ilé kejì, ó dé ilé kẹta, ìkíni aládùn náà ló bá níbẹ̀. Inú bí i, ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí. Eruku ti bo ibùsùn. Àwọn onílé ti padà sí ayé tipẹ́, Ìyá Wúrà sì ń kí wọn láràárọ̀, ó ń fi ìdùnnú padà sílé.

Ó gba ilé Baálẹ̀ lọ, ó sọ ohun tó rí. Ọ̀mọ̀wé wà níbẹ̀, ó ní ohùn onílé ni ohùn ilẹ̀kùn, kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀ kí Wúràọlá lè wá.

"Ẹni tí kò lè sọ pé rárá," Baálẹ̀ dáhùn, "báwo la ṣe fẹ́ sọ pé ó gbà?" Ó wá yíjú sí obìnrin náà. "Ìyá, bí ẹ bá lè sọ fún mi pé ènìyàn lẹ bá sọ̀rọ̀, mo máa fọwọ́ sí i."

Ìyá Wúrà rí ọmọ rẹ̀ lọ́kàn, tó ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń kúnlẹ̀ kí ilẹ̀kùn.

"Mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, Bàbá," ló wí. "Kò sí ènìyàn níbẹ̀ mọ́."

Ó ránṣẹ́ sí Wúràọlá pé kó má wá. Omijé ò jẹ́ kó lè ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ ní kí Ọ̀mọ̀wé pa ohùn gbogbo ilẹ̀kùn ìlú. Ìyá Wúrà bọ́ sí àárín òpópónà níbi tí Ọ̀mọ̀wé dúró sí, ó fi gbogbo agbára kí àwọn ará ìlú pé ẹ ò jíire bí. Ó dúró títí. Baálẹ̀ nìkan ló dá a lóhùn, láti òpin ìlú lọ́hùn-ún.