Ibi Tí Ọkàn Jábọ́ Wà

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọge kan bá ọkùnrin kan sọ nílé ìwòsàn ni pé, "Ẹ má mí mọ́."

Kò sì mí. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ó ń wo ojú kan lẹ́yìn gíláàsì: ẹyinjú tó mọ́ rekete, kòtò kékeré kan lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ parí iṣẹ́. Ọkùnrin ò mí.

"Ẹ lè mí o!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dákú. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ jí mi."

Oníṣẹ́ ọnà ni ọkùnrin náà. Orí àkàbà ló ti jábọ́ níbi tó ti ń mọ ère, ni dókítà bá ní kí wọ́n wo àyà rẹ̀. Egungun kankan kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán. Kí ó tó wọ bàtà, ó ti tọrọ àwòrán náà: ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ère, kí aráyé lè wo ènìyàn látinú wá. Láti ọjọ́ náà ó ń pe ọmọge ní Má-Mí, ọmọge sì ń pè é ní Jábọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì tí Jábọ́ kò mọ̀. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ yẹn, bíi Má-Mí, gbọ́dọ̀ sọ fún un bóyá orí ni aláìsàn fi wọlé tàbí ẹsẹ̀. Bó bá ṣì í sọ, ọ̀tún á di òsì. Nígbà tí àwòrán Jábọ́ jáde, ọkàn wà lọ́tùn-ún, ẹ̀dọ̀ wà lósì. Àyà Má-Mí já. "Mo gbé! Ojú tí mò ń wò ló jẹ́ kí n ṣi bọ́tìnì tẹ̀." Ó yí àwòrán padà wéré, ó panu mọ́.

Ìfẹ́ wọn gbèrú. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Má-Mí: bó bá gbórí lé àyà òsì Jábọ́, kì í gbọ́ nǹkan gidi. Ṣé ọkàn ọkùnrin yìí kì í tilẹ̀ sọ nítorí òun ni?

Bàbá Má-Mí wá gbọ́, ó ránṣẹ́ pe Jábọ́. Oníṣẹ́ abẹ àgbà ni, ó máa ń la àyà ènìyàn bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣílẹ̀kùn. "Ayàwòrán! Èyí tó bá mi ṣiṣẹ́ rí ya ẹ̀dọ̀ síbi tí àpòòtọ̀ wà! Mò ń bọ̀ níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà rẹ. Bí mo bá rí irọ́ kan péré níbẹ̀, má pe ọmọ mi mọ́."

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn kún. Lórí síkírìnì tó ga kan àjà, ara Jábọ́ ń yí: awọ ká kúrò, ẹran tẹ̀lé e, egungun yọ funfun, ọkàn pupa ń sọ láàárín rẹ̀. Bàbá wò ó títí. Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ara tìrẹ ni?"

"Tèmi ni, sà. Kókó tó wà níhà yẹn, mo jábọ́ lórí igi ní kékeré ni."

"Àṣé iṣẹ́ rẹ ni tipẹ́! Egungun ìhà wo ló kán?"

"Ti òsì, sà."

Ẹ̀rín gbẹ. "Ti ọ̀tún ló kán níbí. Ara ta lo jí?"

Jábọ́ fọwọ́ kan ìhà òsì rẹ̀, ó ń wo síkírìnì. Má-Mí mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, olólùfẹ́ òun á di olè. Bí òun bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ òun lè lọ. Ó bọ́ síwájú.

"Bàbá mi, èmi ni. Lọ́tùn-ún ni ọkàn wà nínú àwòrán tó kọ́kọ́ jáde. Mo rò pé mo ṣìṣe ni, mo yí i padà, n kò sọ fẹ́nikẹ́ni. Kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Òun ò jalè."

Bàbá fa ẹ̀rọ ìgbọ́-àyà yọ lápò, ó gbé e lé àyà òsì Jábọ́. Ó tẹ́tí. Ó bojú wo ọmọ rẹ̀.

"Òkú lo fẹ́ fẹ́?"

Ó gbé e sí ọ̀tún. *Gbì. Gbì. Gbì.*

"Yéè! Odidi inú ọmọkùnrin yìí ló yí, ọ̀tún di òsì!"

"Sà, ṣé màá kú?"

"Kì í ṣe àìsàn. Báyìí ni wọ́n ṣe bí àwọn mìíràn." Ó kọjú sí Má-Mí. "Ojú rẹ rí òótọ́, o ní kò rí i. Lọ́la, wàá sọ fún ọ̀gá rẹ fúnra rẹ. Ní báyìí, dá ọkàn ọlọ́kàn padà síbi tó wà."

Má-Mí tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà. Ara ńlá náà yí padà lójú gbogbo ènìyàn. Ó rìn lọ bá Jábọ́, ó gbórí lé àyà ọ̀tún.

"Àṣé ó ti ń sọ látọjọ́ yìí!"

"Ilẹ̀kùn ará ilé kejì lò ń kàn, olólùfẹ́ mi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Má-Mí sé èémí. Gbọ̀ngàn ń dúró.

"Má-Mí, jọ̀ọ́, mí o!"

"Mo gbà," ló sọ, sínú àyà ọ̀tún náà.

Bàbá kọjú sí síkírìnì bí ẹni tó ń ka egungun ìhà, ẹ̀rọ ìgbọ́-àyà ṣì wà létí rẹ̀.